Bí ẹ ṣe máa to àkójọ orin yín sínú kọ̀ǹpútà kí olórin kan má baà di mẹ́rin

Ìbéèrè yìí kò tán lẹ́nu ẹ̀yin òǹkàwé: "Orin mi ti pọ̀ jù, mi ò rí èyí tí mò ń wá mọ́. Tí mo bá wá Ebenezer Obey, ibi mẹ́rin ló ti ń yọ. Àwo kan ṣoṣo fọ́n ká sí ọ̀nà márùn-ún. Òmíràn ò tiẹ̀ lórúkọ, 'Track 01' ni wọ́n pè é."

Tó bá jẹ́ orin òyìnbó òde òní nìkan lẹ kó jọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á bá yín tò ó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Orin tiwa ni kò rí bẹ́ẹ̀. Jùjú wà tó gba odidi ojú àwo kan láìdúró, àpàlà wà tí páálí rẹ̀ kò kọ ọdún, fújì wà tí wọ́n gbà láti inú kásẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ẹ dáńlóòdù tí adírẹ́sì ìkànnì lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ bí eégbọn. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá wí níbí. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pinnu bí orúkọ ṣe máa rí, kí ohun èlò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá fi ohun èlò ṣáájú, ìdàrúdàpọ̀ tuntun ló máa kó lé ti àtijọ́.

Orúkọ méjì ni fáìlì orin ní

Ọ̀kan wà lóde, òun lẹ ń rí nínú fódà. Èkejì wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀, táàgì là ń pè é. Táàgì yìí ló ń sọ orúkọ orin, olórin, àwo, ọdún àti nọ́ńbà orin. Ohun tí fóònù yín ń kà nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè yí orúkọ fáìlì padà láti àárọ̀ di alẹ́ tí fóònù á ṣì máa pè é ní "Track 01".

Táàgì MP3 ni wọ́n ń pè ní ID3. Èyí tó pẹ́ jù, ID3v1, kò gbà ju lẹ́tà 30 lọ fún orúkọ orin, kò sì mọ ẹ, ọ àti ṣ. ID3v2.3 àti ID3v2.4 ló mọ̀ wọ́n. FLAC, irú fáìlì orin tó ń fún orin pọ̀ láìdín ohùn kù, ní táàgì tirẹ̀ tó gba gbogbo lẹ́tà wa. WAV, fáìlì ohùn tí wọn kò fún pọ̀ rárá, ni kí ẹ yẹra fún bí ẹ bá fẹ́ kọ táàgì: ohun èlò púpọ̀ kì í ka èyí tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di FLAC kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò ní dín ohùn rẹ̀ kù.

Ohun tí ẹ nílò

- Kọ̀ǹpútà, bó ti wù kó kéré mọ.
- Mp3tag fún Windows, ohun èlò tí ẹ máa fi ọwọ́ tún táàgì ṣe (ọ̀fẹ́ ni, ti Mac ni wọ́n ń tà). Ẹni tó ń lo Linux lè lo Kid3.
- MusicBrainz Picard, tó ń bá yín wá táàgì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni fún Windows, Mac àti Linux.
- Ìkànnì Discogs, níbi tí àwọn olùkójọ àwo ti ń gbé àwòrán páálí àti àárín àwo sí.
- Páálí àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, bí ó bá ṣì wà nílé. Kò sí ohun èlò tó ju èyí lọ.
- Háàdì dísíìkì kan tó wà lọ́tọ̀.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi Musicolet tún táàgì ṣe lórí fóònù Android. Ó dára fún orin díẹ̀. Fún àkójọ ńlá, ọwọ́ á ro yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ṣe ẹ̀dà

Ẹ da gbogbo orin náà kọ sórí háàdì dísíìkì yẹn, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ títí iṣẹ́ á fi parí.

Ìkìlọ̀: nígbà tí ohun èlò bá ń kọ táàgì, inú fáìlì gan-an ló ń kọ̀wé sí. Bí iná ọba bá lọ láàárín rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, fáìlì yẹn lè bàjẹ́. Ẹ lo láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní títàn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó wọn sójú kan

Ẹ dá fódà méjì: ọ̀kan tí ẹ máa pè ní "Ti ko tii to", èkejì "Orin". Ohun gbogbo tó wà lórí fóònù, fíláàṣì àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa kọ́kọ́ wọ inú èyí àkọ́kọ́. Fáìlì kankan kò gbọdọ̀ wọ "Orin" bí táàgì rẹ̀ kò bá tíì pé.

Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp á ti di AUD-, ọjọ́, WA àti nọ́ńbà. Ẹ má pa á rẹ́ nítorí orúkọ burúkú yẹn. Táàgì inú rẹ̀ lè ṣì wà. Lọ́jọ́ iwájú, ẹ ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi orin ránṣẹ́ sí yín fi í ránṣẹ́ bí "Document", orúkọ fáìlì kò ní yí padà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi òfin orúkọ lélẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má kánjú níbẹ̀.

Ẹ ṣí fáìlì ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ pè é ní "Oruko". Gbogbo olórin tí ẹ ní, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo síbẹ̀, bí ẹ ṣe fẹ́ kó máa yọ títí ayé. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ kò ní tẹ orúkọ olórin mọ́: ẹ̀dà rẹ̀ lẹ ó máa mú láti inú fáìlì yìí, tí ẹ ó sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ.

Àpótí méjì ló ń da àwọn ènìyàn láàmú nínú táàgì: Artist àti Album Artist. Ẹ mú Artist fún orúkọ bí páálí àwo ṣe kọ ọ́. Ẹ mú Album Artist fún orúkọ kan ṣoṣo tó máa so gbogbo iṣẹ́ olórin yẹn pọ̀. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí:

- King Sunny Ade: àwo rẹ̀ àtijọ́ jáde pẹ̀lú orúkọ Green Spots, àwọn tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú African Beats. Artist á yàtọ̀. Album Artist á jẹ́ "King Sunny Ade" lórí gbogbo wọn.
- Ebenezer Obey: International Brothers ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kó tó di Inter-Reformers. Àwo kan á kọ "Chief Commander", òmíràn ò ní kọ ọ́. Album Artist: "Ebenezer Obey".
- Fela: Ransome-Kuti ni lórí àwo àtijọ́, Anikulapo-Kuti lórí àwọn tó tẹ̀ lé e, Koola Lobitos, Africa 70, Egypt 80. Album Artist: "Fela Kuti".
- Wasiu Ayinde: Barrister, Marshal, K1 De Ultimate, ẹnì kan náà ni. Orúkọ tí ẹ bá mú, ẹ má yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Ní ti oyè, ìmọ̀ràn mi ni pé kí Chief, Alhaji, Dókítà àti Evangelist má wọ Album Artist rárá. Kì í ṣe àìbọ̀wọ̀ fún olórin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi oyè síwájú, ìdajì àwọn olórin yín ló máa tò sábẹ́ lẹ́tà A ti Alhaji. "King" ti Sunny Ade nìkan ni mo fi sílẹ̀, torí ó ti di ara orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Orúkọ àlejò tó bá wọn kọrin, Artist tàbí Title ló ń wọ̀. Bí "feat." bá wọ Album Artist lórí orin kan ṣoṣo, fóònù á ya orin yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára àwo rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fọ́n àwo ká nìyẹn.

Àkójọpọ̀ olórin oríṣiríṣi: "Various Artists" ni Album Artist. Míìsì tí DJ ṣe, irú èyí tó ń jáde láti Alábà: orúkọ DJ ni Artist àti Album Artist.

*Àmì ohùn ńkọ́?*

Ẹ lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, "ọ̀" kì í ṣe lẹ́tà kan. Ọ tó ní àmì ìsàlẹ̀ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tó gun orí rẹ̀. Kíbọọ̀dù kan lè kọ́kọ́ kọ àmì ìsàlẹ̀, òmíràn á kọ́kọ́ kọ ti òkè. Kíbọọ̀dù mìíràn sì wà tó jẹ́ ìlà kékeré ló ń fà sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì kékeré roboto. Lójú ẹ̀yin, "Ọmọwúrà" àti "Ọmọwúrà" ni. Ohun èlò ìgborin lè kà wọ́n sí ènìyàn méjì. Ìdí tí mo ṣe ní kí ẹ máa mú orúkọ láti inú fáìlì "Oruko" nìyẹn.

Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí Album Artist wà láìlámì, bí páálí àwo ṣe sábà máa ń kọ ọ́, kí Title sì gba àmì níbi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti dá yín lójú. Àmì tó ṣì burú ju kí ẹ má fi àmì sí i lọ: ẹ ó fi ọwọ́ ara yín sọ orin ẹlòmíràn di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ àmì lórí orúkọ olórin dandan, ẹ kọ ọ́ láìlámì sínú àpótí ALBUMARTISTSORT, kí ó lè tò síbi tó yẹ.

Kí ẹ tó ṣe é lórí gbogbo orin, ẹ dán an wò lórí ẹyọ kan. Ẹ gbé e sórí fóònù, kí ẹ wá "Ayinla" láìfi àmì kankan sí i. Bí kò bá yọ, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìgbálẹ̀ pẹ̀lú Mp3tag

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Tools, Options, Tags, Mpeg. Lábẹ́ Write, ẹ mú ID3v2.3 UTF-16. Bí ẹ bá mú ISO-8859-1, àmì ìbéèrè ni ẹ, ọ àti ṣ máa dà. ID3v2.4 náà dára, ṣùgbọ́n rédíò mọ́tò àtijọ́ mìíràn kì í kà á.

Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ ṣí fódà àwo kan ṣoṣo. Ẹ má kó gbogbo àkójọ wọlé pọ̀.
2. Ẹ tẹ Ctrl+A. Lápá òsì, àpótí tí orin wọn kò bá dọ́gba á kọ "< keep >". Ìyẹn ni pé kó fi ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.
3. Ẹ kọ Album, Album Artist, Year àti Genre. Ẹ fi Title àti Track sílẹ̀ lórí "< keep >".
4. Ẹ tẹ Ctrl+S.
5. Ẹ wá mú orin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún Title rẹ̀ ṣe.
6. Ẹ to orin bí páálí àwo ṣe tò wọ́n, kí ẹ wá lo Auto-numbering Wizard lábẹ́ Tools fún Track.

Ìkìlọ̀: bí ẹ bá kọ nǹkan sí Title nígbà tí gbogbo orin ṣì wà ní mímú, gbogbo wọn ló máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ctrl+Z á gbà yín là bí ẹ kò bá tíì pa Mp3tag dé.

*Adírẹ́sì ìkànnì tó lẹ̀ mọ́ orúkọ:* ẹ lọ sí Actions, ẹ dá tuntun, ẹ mú Replace. Ní Field, ẹ kọ _TAG kó lè kan gbogbo àpótí. Ní Original, ẹ lẹ adírẹ́sì náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú àmì akọ́mọ́ rẹ̀. Ẹ fi àpótí kejì sílẹ̀ lófìfo. Ohùn tó ń pariwo orúkọ ìkànnì nínú orin fúnra rẹ̀ ni táàgì kò lè yọ. Ẹ wá ẹ̀dà mìíràn.

*Fáìlì tí kò ní táàgì ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ lóde dára:* Convert, Filename - Tag. Bí fáìlì bá ń jẹ́ "Haruna Ishola - " pẹ̀lú orúkọ orin, ẹ kọ `%artist% - %title%`. Ẹ wo bí ó ṣe máa rí nísàlẹ̀ fèrèsé yẹn kí ẹ tó tẹ OK.

Ìgbésẹ̀ 5: Picard, fún èyí tó bá mọ̀

Picard ń wo MusicBrainz, àkójọ orúkọ orin àti àwo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè gbọ́ orin fúnra rẹ̀ kó fi wé ohun tó wà nílé AcoustID, àkójọ tí wọ́n fi ń dá orin mọ̀ nípa ohùn rẹ̀. Àwo tó ti jáde lórí CD tàbí tí wọ́n tún tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ó sábà máa ń mọ̀ ọ́n. Èyí tí ẹ gbà láti inú kásẹ́ẹ̀tì tí eré rẹ̀ ti yára jù tàbí falẹ̀ jù, kò ní mọ̀ ọ́n.

1. Nínú Options, ẹ mú ID3v2.3 lábẹ́ Tags, kí ẹ sì yọ àmì kúrò lára Rename files àti Move files. Kó má fi ọwọ́ kan orúkọ fáìlì ná.
2. Ẹ gbé fódà sí apá òsì, ẹ tẹ Cluster.
3. Ẹ tẹ Lookup fún èyí tó ní orúkọ díẹ̀. Scan ni fún èyí tí kò ní nǹkan kan.
4. Ẹ ṣí àwo tó yọ lápá ọ̀tún. Ṣé iye orin pé? Ṣé ìṣẹ́jú wọn dọ́gba? Ṣé ọdún yẹn bọ́gbọ́n mu?
5. Bí ẹ̀dà yẹn kò bá jẹ́ tiyín, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí rẹ̀, kí ẹ wo Other versions.
6. Èyí tó bá dá yín lójú nìkan ni kí ẹ tẹ Save fún.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí: orin wà lórí àwo àtijọ́ tiyín, Picard á sì so ó mọ́ CD àkójọpọ̀ kan tó jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni orin mẹ́jọ tó wá láti àwo kan ṣe máa fọ́n sí CD mẹ́ta. Ẹ má gbà fún un. Bí kò bá rí àwo yín, ẹ padà sí Mp3tag, kí ẹ fi páálí ṣe é. Ẹni tó bá sì fẹ́ ran àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí MusicBrainz tàbí Discogs, kó fi àwo náà kún un.

Ìgbésẹ̀ 6: Ojú àwo tí kò dúró

Ẹni tó bá ní jùjú tàbí fújì, ọ̀rọ̀ yìí kàn án gidi. Ojú kìíní àwo lè jẹ́ orin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n so pọ̀, tí ìlù kò dákẹ́ láàárín wọn. Páálí á to orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo tí kò já ni gbogbo rẹ̀ lójú àwo. Èwo lẹ máa ṣe?

*Ọ̀nà kìíní, èyí tí mo fara mọ́: ẹ má gé e.* Olórin tó so wọ́n pọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ibi tí ẹ bá gé, àárín ohùn gángan lẹ máa gé, orin tó tẹ̀ lé e á sì bẹ̀rẹ̀ láìní orí. Ẹ ṣe báyìí:

- Title: "Oju Kinni – " pẹ̀lú orúkọ orin àkọ́kọ́ nìkan. Bí ẹ bá to gbogbo orúkọ márùn-ún sínú Title, orúkọ fáìlì lè kọjá lẹ́tà 255 tí kọ̀ǹpútà gbà.
- Track: 1 fún ojú kìíní, 2 fún ojú kejì. Ẹ má kọ "A1" sí Track, nọ́ńbà nìkan ni fóònù púpọ̀ ń kà níbẹ̀.
- Orúkọ orin yòókù pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀: inú àpótí UNSYNCEDLYRICS, ìlà kọ̀ọ̀kan fún orin kọ̀ọ̀kan. Comment wà, ṣùgbọ́n ohun èlò orí fóònù kì í sábà fi Comment hàn. Ọ̀rọ̀ orin ló ń fi hàn. Bí ẹ bá tẹ ibi ọ̀rọ̀ orin, ẹ ó rí i pé ìṣẹ́jú kẹsàn-án ni èyí tí ẹ fẹ́ràn ti wọlé.

*Ọ̀nà kejì: ẹ gé e láìtún fáìlì rẹ̀ tẹ̀.* mp3DirectCut lórí Windows ń gé MP3 láìtú u. Audacity náà ń gé: ẹ fi Ctrl+B sàmì sí ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá gbé e jáde ní fáìlì púpọ̀. Ṣùgbọ́n Audacity á tún MP3 náà tẹ̀, ohùn á sì dín kù díẹ̀. FLAC tàbí WAV ni kí ẹ fi Audacity gé.

Fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n kó odidi àwo sí, irú èyí tó wá láti YouTube, ẹ gé e sí ojú méjì, ó kéré tán. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti gbéra máa hàn gbangba nínú Audacity: ìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọdún, ẹ̀yà orin, nọ́ńbà àwo, àwòrán

*Ọdún.* Ọdún tí àwo kọ́kọ́ jáde ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ọdún tí wọ́n gbé e sórí CD. Ẹ wo àárín àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ℗, kí ẹ wo páálí lẹ́yìn, kí ẹ tó lọ sí Discogs. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi Year sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ kọ "bí 197x" sí Comment. Ọdún tí ẹ bá méfò ló máa dà bí òótọ́ lójú ọmọ yín lọ́la.

*Ẹ̀yà orin.* Ẹ máa rí i pé orin Yorùbá púpọ̀ ń jẹ́ "Blues". Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀: ẹ̀yà 80 ni ID3v1 tò sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, Blues ló gba nọ́ńbà 0, fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan sí á sì ṣubú sórí rẹ̀. Jùjú àti fújì kò sí nínú 80 yẹn. Ẹ kọ tiyín: Juju, Fuji, Apala, Sakara, Waka, Highlife, Afrobeat, Ewi, orin ẹ̀mí. Ẹ má jẹ́ kó ju mẹ́wàá lọ. Afrobeat ti Fela àti Afrobeats òde òní, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

*Nọ́ńbà àwo.* Ẹ tẹ Alt+T nínú Mp3tag, kí ẹ fi CATALOGNUMBER kún un. WAPS ń tọ́ka sí Decca ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, SALPS sí Sunny Alade Records. Àpàlà àti sákárà tí páálí wọn kọ "Vol." nìkan ló nílò èyí jù. Ẹ sì kọ "Vol. 05", kì í ṣe "Vol. 5", bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 10 á ṣáájú 2.

*Àwòrán.* Ẹ ya páálí lábẹ́ òjìji lójú ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Ẹ gé e kó ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, JPEG, píksẹ́lì 600 sí 1000. Àwòrán tó tó mẹ́gábáìtì 4 lórí orin mẹ́wàá, mẹ́gábáìtì 40 lẹ fi ṣòfò yẹn, rédíò mọ́tò sì lè má ṣí i.

Ẹ kò mọ ẹni tó kọ ọ́?

Ẹ fetí sí i dáadáa. Olórin jùjú, fújì àti àpàlà a máa pe orúkọ ara rẹ̀ nínú orin, a sì máa ki àwọn ọlọ́lá. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń kì sílẹ̀, kí ẹ fi wá a lórí Discogs àti YouTube. Ọ̀pọ̀ ìgbà, orúkọ ẹni yẹn wà lára àkọlé orin tàbí ti àwo. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ lọ bá bàbá tàbí ìyá kan tó jó sí orin náà nígbà tó jáde. Ẹ má gbàgbé láti béèrè lọ́wọ́ ẹni kejì, nítorí ohùn Haruna àti ti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lè jọra létí ẹni tó ti pẹ́ tó gbọ́ ọ kẹ́yìn. Kí ó tó dájú, "Ko tii daju" ni Album Artist rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ jẹ́ kí táàgì sọ fáìlì lórúkọ

Nísinsìnyí tí táàgì ti pé, ẹ lo Convert, Tag - Filename:

`D:\Orin\%albumartist%\%year% - %album%\$num(%track%,2) - %title%`

Fódà olórin, fódà àwo, nọ́ńbà orin pẹ̀lú òdo níwájú. Windows kò gba / : ? * " < > | \ nínú orúkọ fáìlì, nítorí náà ẹ má fi wọ́n sínú Title àti Album bí ẹ bá lè yẹra fún un.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ wá ẹ̀dà méjì-méjì

Ìgbà yìí nìkan ni kí ẹ máa pa nǹkan rẹ́. dupeGuru lè bá yín wá wọn, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ lójú orúkọ nìkan. Púpọ̀ nínú orin tó wà lórí àwo King Sunny Ade tí ilé-iṣẹ́ Island gbé jáde ní 1982 ti jáde nílé ṣáájú, ó sì yàtọ̀: wọ́n tún un kọ ni. Ẹ fi ìṣẹ́jú wọn wéra kí ẹ tó pa ọ̀kan rẹ́.

Bó bá jẹ́ ohun kan náà lóòótọ́, èyí tí bitrate rẹ̀ (ìwọ̀n ìsọfúnni ohùn tó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan) ga ni kí ẹ fi sílẹ̀. MP3 128 kbps ń gba bíi mẹ́gábáìtì 1 fún ìṣẹ́jú kan, 320 ń gba 2.4, ojú àwo oníṣẹ́jú 20 á jẹ́ mẹ́gábáìtì 48. Ẹ má sọ 128 di 320 tàbí FLAC. Ààyè lẹ máa fi ṣòfò, ohùn kò ní dára ju bó ṣe wà lọ. Àti pé ẹ tẹ́tí sí i: mo ti rí 320 tó jẹ́ pé 64 ni wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí nǹkan bá dàrú

*"Mo ti tún un ṣe, fóònù ṣì ń fi orúkọ àtijọ́ hàn."* Ẹ ní kí ohun èlò orí fóònù tún fódà wò. Bí kò bá yí padà, ẹ wo òpó Tag nínú Mp3tag: bí APEv2, irú táàgì mìíràn, bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ID3, táàgì méjì ló ń bá ara wọn jà. Ẹ gé táàgì náà pẹ̀lú Ctrl+X, ẹ lẹ̀ ẹ́ padà pẹ̀lú Ctrl+V, kí ẹ wá tẹ Ctrl+S.

*"Àwo kan yọ lẹ́ẹ̀mejì."* Album Artist tàbí Album kò dọ́gba. Ẹ wá àyè òfìfo tó wà lẹ́yìn orúkọ; ojú kì í rí i.

*"Rédíò mọ́tò ń fi àpótí kéékèèké hàn dípò lẹ́tà."* Kò mọ ẹ àti ọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà ọ̀tọ̀ láìlámì fún fíláàṣì mọ́tò. Fíláàṣì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ FAT32 fún rédíò púpọ̀.

*"Fódà mi ń ṣí kiri fúnra rẹ̀."* iTunes tàbí Picard ni ẹ fún láyè. Ẹ wá "Keep iTunes Media folder organized" tàbí "Move files" kí ẹ yọ àmì kúrò. Ohun èlò kan ṣoṣo ló yẹ kó máa darí fódà yín.

Kí orin tuntun tó wọ "Orin"

- Album Artist wá láti inú fáìlì "Oruko", ẹ kò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.
- Title kò ní adírẹ́sì ìkànnì, kò ní "official audio".
- Track ní nọ́ńbà.
- Year jẹ́ ti ìgbà àkọ́kọ́, tàbí kó ṣófo.
- Genre kì í ṣe Blues, àfi bó bá jẹ́ Blues.
- Ẹ ti gbọ́ ọ dé òpin. Fáìlì tó gé láàárín pọ̀ lóde.
- Ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lórí háàdì dísíìkì, èyí tí ẹ ti so mọ́ kọ̀ǹpútà lóṣù yìí.